1-MCP àti àpò permanganate: èwo ni kí ọlọ́gẹ̀dẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ náwó lé?

Èso fúnra rẹ̀ ló ń tú afẹ́fẹ́ ethylene tó ń mú un pọ́n jáde. Ìdì kan tó bá ti ń pọ́n láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tí ẹ kó láti Ògbéré lè kó bá ìyókù kí mọ́tò tó dé Èkó. Nínú ohun tí wọ́n ń tà láti dá ọ̀rọ̀ yìí dúró, méjì ló kan ọlọ́jà: 1-MCP (1-methylcyclopropene), àti àpò kékeré tí wọ́n rọ kẹ́míkà potassium permanganate sí. Iṣẹ́ wọn kò sì jọra rárá.

Edward Sisler àti Sylvia Blankenship ti North Carolina State University ní Amẹ́ríkà ló gba ìwé ẹ̀tọ́ 1-MCP ní 1996. SmartFresh ni ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n sí. Ìyẹ̀fun ni, bí omi bá kàn án, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á jáde. Kì í lé ethylene lọ o. Ojú ibi tí ethylene ti ń bá ara èso sọ̀rọ̀ ló ń gbà. Bí ẹlòmíì bá ti jókòó sórí àga yín lóde ìnáwó, ẹ lè kí gbogbo ilé tán, ìdúró náà lẹ máa wà. Ó ń dì mọ́ ibẹ̀ tó bí ìlọ́po 10 ju ethylene lọ, ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún èso kì í fi ju apá 1 nínú mílíọ̀nù afẹ́fẹ́ yàrá lọ.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò rèé: yàrá tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà jáde ló ń fẹ́, fún nǹkan bíi wákàtí 12 sí 24. Taapólì tí wọ́n ta bo ọkọ̀ kò tó. Èyí tó tún burú ni kí ẹ lò ó fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì gbó, tàbí kí ẹ lò ó ní àlòjù. Inú á rọ̀, ṣùgbọ́n èèpo á pọ́n lápá kan, á dúdú lápá kejì. Oníbàárà á yí i wò, á sì dá a padà sórí àtẹ. Kò sí ohun tí ẹ lè fi tú u sílẹ̀ kíákíá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi kábáídì lé e: ojú ibi kan náà ni afẹ́fẹ́ kábáídì ń wá, NAFDAC sì ti kìlọ̀ pé ó léwu fún ẹni tó máa jẹ ẹ́.

Àpò potassium permanganate kò fọwọ́ kan èso. Ethylene tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀ ló ń jẹ run. Àwọ̀ rẹ̀ ló sì ń jíṣẹ́ fún yín: elése àlùkò ni bó bá ṣì lágbára, ó ń di búráùn bó bá ti tán. Inú páálí tàbí láílọ́ọ̀nù tí ẹ dì dáadáa ló ti wúlò. Nínú apẹ̀rẹ̀ gbalasa, òfò ni. Ẹ má jẹ́ kó já sára èso, ẹ má sì gbé e sítòsí epo tàbí ọwọ́ ọmọdé, nítorí ó lè dáná.

Lójú tèmi, ẹni tó ń kó ìbẹ́pẹ, tòmátì tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú páálí láti Òkè-Ajé tàbí Ṣágámù, àpò ni kó kọ́kọ́ rà. Kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó bá ní yàrá tó dì pinpin, tí èso rẹ̀ gbó dọ́gba, tó sì ń rán ọjà lọ sọ́nà jíjìn, ra 1-MCP. Ṣùgbọ́n ṣíṣa èyí tó ti pọ́n kúrò láàárín dúdú ló ṣáájú méjèèjì, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Oògùn ethylene méjì míì wà tí kò kàn yín. Silver thiosulfate wà fún òdòdó nìkan; fàdákà wà nínú rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kan ohun jíjẹ. AVG, tí kì í jẹ́ kí èso ṣe ethylene tirẹ̀, orí igi ni wọ́n ń fín in sí kí wọ́n tó kórè. Kò lè dá ethylene tó ti ìta wá dúró. Ẹ̀yin tí ń ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ọsàn, ẹ tọ́jú owó yín: wọn kì í pọ́n sí i bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti já wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ wo déètì, kí ẹ sì fọwọ́ tẹ ọ̀rá 1-MCP wò. Èyí tí òjò tàbí ọ̀rinrin bá ti wọ̀ ti tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ dànù kó tó dé ọwọ́ yín.