Ká rọra ti fáàfù, tàbí ká fi fáàfù ìtura sí i?

Bí bẹntiróòlù bá ń sáré ní mítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú ọ̀pá irin, tẹ́nì kan wá ti fáàfù (ohun tá a fi ń ṣí ọ̀nà epo, tá a sì fi ń tì í) gbàgà, ìfúnpá á fò sókè ní nǹkan bíi báà 7 (báà 1 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìfúnpá afẹ́fẹ́ tó yí wa ká). Òun náà ló ń mú páìpù ilé wa ní Ìkòròdú dún gbì tá a bá dédé ti ẹ̀rọ omi.

Rírọra tì í kì í náni lówó, àmọ́ ó ní ìṣírò. Ìfúnpá tó fò sókè yẹn ń rìn bí ìgbì nínú ọ̀pá, ní nǹkan bíi mítà 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú ọ̀pá tó gùn ní kìlómítà 10, á lò tó ìṣẹ́jú àáyá 20 ní àlọ àti àbọ̀. Ẹni tó bá tì í tán kó tó di pé ìgbì padà, kò yàtọ̀ sẹ́ni tó tì í gbàgà. Apá ìkẹyìn títì náà ló sì yẹ kó falẹ̀ jù, torí ibẹ̀ lepo ti ń dúró gan-an.

Fáàfù ìtura wọ́n, ó sì ń fẹ́ àyẹ̀wò. Àmọ́ bí ìfúnpá bá ti pọ̀ jù, ó máa ń ṣí fúnra rẹ̀, á tú epo sí táǹkì, kódà bí òṣìṣẹ́ bá ṣàṣìṣe. Níbi tí ọ̀pá bá ti gba ẹ̀yìnkùlé èèyàn, méjèèjì ni mo fẹ́.