Raspberry Pi 4 nínú pálọ̀ wa: oṣù mẹ́rìnlá tí wẹ́bùsáìtì mi ti ń gbé inú ilé

Wẹ́bùsáìtì mi kò sí lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kankan. Ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló wà nínú pálọ̀ wa n'Ìbàdàn, nínú kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò fẹ̀ ju káàdì ATM lọ. Raspberry Pi 4 ni, èyí tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB. Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tó ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Àwọn tó ń bi mí bóyá ó dára ti pọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ohùn ìyá mi àgbà ló sún mi dé ìdí rẹ̀. Kí wọ́n tó sùn lọ, ẹ̀gbọ́n mi gba oríkì orílẹ̀ wa sílẹ̀ lẹ́nu wọn, kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá gbáko. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọn sí MP3, mo ń kọ ọ̀rọ̀ wọn jáde, mo ń gbé wọn sórí ìkànnì kan tí mo ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún. Ọdún kan wá tí káàdì bánkì mi kò lè san owó dọ́là mọ́. Kí n tó rí ẹni tó máa bá mi san án, wọ́n ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kásẹ́ẹ̀tì wà nílé. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ pé ohùn ìyá mi àgbà kò ní gbé ilé onílé mọ́.

Ní ti kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀, n kò ní ẹ̀sùn kankan. Ọdún 2019 ni wọ́n gbé Pi 4 jáde, ó sì ti dàgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo gbé fún un kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn rárá. Bíi wáàtì 3 sí 4 ló ń jẹ tí èrò kò bá pọ̀; lóṣù, kò tó kilowatt-hour 3. Fáànù òkè àjà kan ṣoṣo ju ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ lọ. Raspberry Pi OS, ètò Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, ló wà lórí rẹ̀, ètò kan tó ń jẹ́ Caddy ló sì ń gbé ojú ìwé fún àlejò. Ìlà mẹ́rin péré ni mo kọ fún Caddy tó fi ń ṣiṣẹ́.

Àdírẹ́sì ló kọ́kọ́ fojú mi rí màbo. Mo ṣí port 80 àti 443, àwọn ẹnu ọ̀nà tí àlejò wẹ́bùsáìtì ń gbà wọlé, lórí ráútà bí gbogbo ènìyàn ṣe ń kọ́ni, síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pè mí, ó ní kò ṣí. Òru méjì ni mo fi jókòó tì í. Nígbà tí mo wá wo àdírẹ́sì tí wọ́n fún ráútà, 100.72 ló fi bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yé mi. Láti 100.64 dé 100.127, wọ́n ti ya àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn sọ́tọ̀ lọ́dún 2012 fún CGNAT, ìyẹn ni pé ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan, torí àdírẹ́sì IPv4, oríṣi nọ́ńbà àtijọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò, kò kárí mọ́. Ẹ wò ó bí ilé face-me-I-face-you tó ní ilẹ̀kùn àbájáde kan: gbogbo ayálégbé lè jáde nígbà tó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n àlejò tó bá kanlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó mọ yàrá ẹni tó ń bọ̀ wá. Mo pe ilé-iṣẹ́ tí mo ń ra dátà lọ́wọ́ wọn. Ọmọbìnrin tó gbé e sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ pa ráútà yín, kí ẹ tún un tàn." Ìgbà mẹ́ta ni mo pè, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo gbọ́.

Cloudflare Tunnel, ọ̀nà àbùjá tí ilé-iṣẹ́ Cloudflare ṣe, ló yọ mí. Ètò kékeré kan tó ń jẹ́ cloudflared ń gba inú ilé jáde lọ bá Cloudflare, ọ̀nà tó gbà jáde náà sì ni àlejò ń gbà wọlé. N kò ṣí port kankan mọ́, n kò sì san kọ́bọ̀. Dómènì mi, ìyẹn orúkọ wẹ́bùsáìtì náà, nìkan ni mo gbé sábẹ́ àkóso wọn. Ohun kan ń kọ mí lóminú níbẹ̀: ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti ń tú HTTPS, ìbòrí tó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ lójú ọ̀nà, nítorí náà wọ́n lè rí gbogbo ohun tó ń kọjá. Oríkì tí mo fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́, kò burú. Tó bá jẹ́ lẹ́tà ìdílé ni, n kò ní gbé e gba ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ iná yìí, torí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Oṣù kẹta, ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n mú iná, wọ́n dá a padà, wọ́n tún mú un, kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Nígbà tí iná dúró, gílóòbù pupa tíntín ara Pi ń tàn, àmọ́ aláwọ̀ ewé tó máa ń ṣẹ́jú tó bá ń ka káàdì microSD tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ kò ṣẹ́jú rárá. Káàdì náà ti kú. Mo ní ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ lórí láàpútọ́ọ̀pù, síbẹ̀ àyà mi já. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ra SSD, àpótí ìpamọ́ tó lágbára ju káàdì lọ, mo so ó mọ́ ojú USB aláwọ̀ búlúù, Pi sì ń tibẹ̀ tan ara rẹ̀ títí dòní. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú káàdì bíi tèmi.

Mo ra mini UPS kan pẹ̀lú, bátìrì kékeré tó ń gbé ráútà àti Pi fún bíi wákàtí méjì. Ojú USB rẹ̀ kọ́kọ́ ń fún Pi ní iná tó rẹlẹ̀. Mo mọ̀ torí pé gílóòbù pupa ń kú fẹ́rẹ́: tí iná bá rẹlẹ̀ ju fóòtì (volt) 4.63 lọ, òun ló ń ké gbàjarè nìyẹn. Fóòtì 5, ámúpù 3 ni Pi 4 ń fẹ́. Tí ẹ bá tẹ àṣẹ vcgencmd get_throttled sórí Pi, tó sì dáhùn 0x0, ara le.

Ohùn àti ọ̀rọ̀ nìkan ni mo ń gbé, ó sì ń yára tó. MP3 64kbps ni mo lò, ojú kásẹ́ẹ̀tì kan tó gùn tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò ju bíi 14MB lọ. Ẹ má sì fi àmì ohùn sórí orúkọ fáìlì o. Ẹ́ tí ẹ fojú rí lè jẹ́ oríṣi méjì nínú kọ̀ǹpútà, Linux á sì sọ pé òun kò rí fáìlì tó wà níwájú yín. Ojú ìwé gan-an ni kí ẹ ti fàmì sí ọ̀rọ̀ dáadáa.

Ẹni tó ń tajà, tí oníbàárà rẹ̀ kò lè dúró, kó lọ sanwó hosting, kí ilé-iṣẹ́ máa bá a gbé e. Lóṣù tó kọjá, a kò rí iná fún wákàtí mọ́kàndínlógún, wẹ́bùsáìtì mi náà sì sùn títí iná fi dé. Fún ẹni tó ní nǹkan ìdílé tó fẹ́ tọ́jú, tó sì lè fara da irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, mo ní kó ra á. Èmi ti ń tọ́jú owó bátìrì ńlá. Kásẹ́ẹ̀tì kẹjọ ló wà lọ́wọ́ mi báyìí, ibi tí ìyá mi àgbà ti rẹ́rìn-ín láàárín oríkì, n kò gé e kúrò.