Oil seal ẹ̀yìn kọ́ o: àgbéyẹ̀wò ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì kan n'Íbàdàn

"Gíábọ́ọ̀sì yìí máa sọ̀ o, Ẹ̀gbọ́n. Oil seal ẹ̀yìn ti lọ."

Ọ̀gá mẹkáníìkì ló sọ bẹ́ẹ̀ (oil seal ẹ̀yìn ni rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, níhà gíábọ́ọ̀sì), kò sì tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá. Ó kàn dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó rí i pé ọ́ìlì ń kán láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì, ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó iṣẹ́ fún mi. Inú bí mi gan-an. Ìbínú yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, torí pé Camry Orobo tó ń lo ẹ́ńjìnnì 5S-FE ṣì wà nígboro dáadáa (ti èmi jẹ́ 1995), irú ìdájọ́ báyìí sì ń jẹ owó onímọ́tò lásán.

Ẹni tó bá mọ ẹ́ńjìnnì yìí mọ̀ pé ìpẹ̀kun orí ẹ́ńjìnnì, níhà gíábọ́ọ̀sì, ni dìsìtíríbútọ̀ rẹ̀, tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì, wà. Ibi tí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ti pàdé wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an. O-ring kan, ìyẹn òrùka rọ́bà, ló dí ìdí dìsìtíríbútọ̀ yẹn. Tí ooru bá ti jẹ́ kí rọ́bà rẹ̀ le, ọ́ìlì á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, á ṣàn sọ̀kalẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì, á wá máa kán síbi tí oil seal ẹ̀yìn ìbá kán sí gẹ́lẹ́. Igun gásíkẹ́ẹ̀tì tappet cover, ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì, náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wo ìsàlẹ̀ nìkan kò lè dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀ yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ wọn jìnnà síra. Ká tó dé ìdí oil seal ẹ̀yìn, a ó yọ ṣáfùtù méjèèjì, a ó gbé ẹ́ńjìnnì ró, a ó sọ gíábọ́ọ̀sì, a ó tú fúláíwíìlì. Nọ́ọ̀tì méjì péré ló di dìsìtíríbútọ̀ mú, owó O-ring rẹ̀ kò sì tó ti ọ́ìlì lítà kan.

Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fọ ẹ́ńjìnnì. Ọ̀gá fajú ro.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti pẹ́ tí a ti ń ṣe Toyota. Ohun tí mo rí ni mo sọ yẹn."

"Ọ̀gá, ọ́ìlì àtijọ́ ló bo gbogbo ara ẹ́ńjìnnì yìí látòkè délẹ̀. Èwo ni ti òní nínú ẹ̀?"

Ó ní omi á wọ wáyà. Òótọ́ ni, tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ afọmọ́tò rọ omi lù ú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún ní kí n da ọ́ìlì tó ki ju èyí tó wà níbẹ̀ lọ sí i, pé á dín jíjò náà kù. 20W-50, tó ki dáadáa, ló ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀! Ọ́ìlì tó ki kì í sọ rọ́bà tó ti gan di tuntun. Ńṣe ni kì í tètè dé òkè ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná sí ọkọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ò wọ̀, ó ní kí ọmọṣẹ́ òun dá mi lóhùn, ó bá ti oní-Micra kan lọ.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà. Ọmọṣẹ́ yẹn, kí n má purọ́, iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ó tú orí bẹ́tírì, ó fi náílọ́ọ̀nù di ọ̀tánétọ̀, dìsìtíríbútọ̀ àti ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ló fi ha èyí tó ti dì, ó fi omi ọṣẹ ṣan án díẹ̀díẹ̀, ó sì lọ gba ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ fọ́gánáísà tó wà nítòsí láti fi gbẹ ojú ihò púlọ́ọ̀gì. Kó tó fọ̀ ọ́, ó ti fi tíṣù funfun nu ibi tó ń kán. Ó jáde ní dúdú tó pọ́n díẹ̀, ó ní, "Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Tó bá pupa ni, à bá máa wo gíábọ́ọ̀sì tàbí páwà sítíárì." Inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Ó fa géèjì yọ, ọ́ìlì wà láàárín àmì méjèèjì, kò kún jù. Ó yọ fáàfù PCV, èyí tó ń tú atẹ́gùn inú ẹ́ńjìnnì jáde, lórí tappet cover, ó mì ín sí etí mi: ó ń ró, ìyẹn ni pé kò dí. Ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń fò dá nìyí. Tí fáàfù yẹn bá dí, atẹ́gùn á kó sínú ẹ́ńjìnnì, á máa ti ọ́ìlì jáde lójú gbogbo oil seal, kódà èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i lánàá. Àwọn tó ti pààrọ̀ oil seal kan náà léraléra, ẹ lọ yẹ PCV yín wò.

Lẹ́yìn náà ló da aró UV, tó máa ń tàn tí a bá tan iná UV sí i, sínú ọ́ìlì, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀ gan-an. Ó da páúdà ọmọdé sí etí tappet cover yíká. Ó tan ẹ́ńjìnnì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí tó fi gbóná dáadáa, torí ọ́ìlì tútù kì í tètè jáde. Oòrùn ṣì mú, iná UV kò sì ṣeé lò lójú oòrùn. Kò ní kí n padà wá lálẹ́. Ó fa tapólì bo bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó kó sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú awò yẹ́lò, tọ́ọ̀ṣì UV àti dígí kékeré.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀ wá wò ó."

Mo bẹ̀rẹ̀ mo wò ó. Páúdà etí tappet cover ṣì funfun, ó gbẹ. Nínú dígí, lábẹ́ ìdí dìsìtíríbútọ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń tàn ní àwọ̀ ewé, ó ṣàn lọ tààrà sí etí gíábọ́ọ̀sì. Ọmọ náà kò dúró síbẹ̀. Ó kó sábẹ́ ọkọ̀, ó yọ páànù pẹlẹbẹ tó bo ìsàlẹ̀ gíábọ́ọ̀sì, ó tan iná sínú rẹ̀. Ó gbẹ. Oil seal ẹ̀yìn tó bá ń jò máa ń mú kí inú ibẹ̀ tutù, fúláíwíìlì á sì ta ọ́ìlì yíká. Ó tún ṣí ìdérí dìsìtíríbútọ̀. Tí ọ́ìlì bá wà nínú rẹ̀, oil seal inú ló bàjẹ́ nìyẹn, O-ring ìta kò ní ràn án. Ibẹ̀ náà gbẹ.

Ó fi irin ha àmì sára ìdí dìsìtíríbútọ̀ àti orí ẹ́ńjìnnì kó tó fà á yọ. O-ring àtijọ́ ṣẹ́ sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti pẹlẹbẹ, ó le koránkorán. Ó nu ojú ibẹ̀, ó fi ọ́ìlì ra tuntun kí ó má baà ya, ó ń múra àtitì í wọlé. Ibẹ̀ ni ọ̀gá ti dé tòun ti gọ́ọ̀mù, tó sì ti fà á yí ìdí dìsìtíríbútọ̀ ká kí n tó sọ̀rọ̀! O-ring kì í lo gọ́ọ̀mù. Èyí tó bá fún sínú á já, á bá ọ́ìlì lọ dí asẹ́ inú páànù ìsàlẹ̀. Mo ní kí wọ́n nù ún kúrò. Ó ní mo ń kọ́ òun níṣẹ́. Ọmọṣẹ́ ló rọra nù ún.

Wọn ò ní iná timing, tí wọ́n fi ń wo àsìkò tí púlọ́ọ̀gì ń ta iná. Àmì tí ọmọ yẹn ha ni wọ́n fi dá a padà, ó sì bọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Toyota lè so ihò TE1 mọ́ ihò E1 nínú àpótí àyẹ̀wò abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì rí i pé iná ń ta ní 10° kí písítìn tó dé òkè pátápátá nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọ̀gá fẹ́ fi etí gbọ́ ọ. Wọn ò sì fún orí bẹ́tírì dáadáa, èmi ni mo tún un ṣe.

Nígbà tí owó dé, ọ̀gá ka "àyẹ̀wò" lọ́tọ̀, àyẹ̀wò tí òun fúnra rẹ̀ ní kò pọndandan. Kò tọrọ àforíjì kankan lórí ọ̀rọ̀ gíábọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ ra aró UV yín dání ní Gate, torí wọ́n ń bu owó lé e. Ẹ gbọ́ iye owó fífọ ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó gbé kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀. Tó bá jẹ́ iwájú, níhà timing belt, ni ọkọ̀ yín ti ń jò, ẹ ní kí wọ́n wo oil seal káàmù, ti kíránkì àti ti pọ́ńpù ọ́ìlì papọ̀, nítorí ṣíṣí kan náà ni, ọ́ìlì sì ń ba bẹ́líìtì yẹn jẹ́. Kí ẹ sì béèrè ọmọṣẹ́ náà.

Láti ìgbà náà, páálí tí mo tẹ́ sábẹ́ ọkọ̀ kò rí ọ́ìlì mọ́. Ìràwọ̀ 4 nínú 5.