Ìfiwéra: Rédíétọ̀ Àlòkù Wo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà Láti Fi Omi Tútù Mú Yàrá Tutù?

Rédíétọ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ amúlétutù kọ́kọ́ máa ń sáré wá. Ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Rédíétọ̀ kì í dá òtútù sílẹ̀; ooru inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà, tó ń kó sínú omi. Bí omi náà kò bá tutù tó, tàbí tí kò pọ̀ tó, rédíétọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù pàápàá kò ní wúlò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi omi wéra ná, ká tó kan irin.

Omi wo lẹ ní?

Ìṣirò kan péré lẹ nílò. Lítà omi kan ní ìṣẹ́jú kan, tó bá fi dígírì kan gbóná sí i bó ṣe ń gba inú rédíétọ̀ kọjá, ti kó ooru bíi 70 wáàtì lọ. Tí lítà 6 bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan, tó wọlé ní dígírì 14, tó sì jáde ní 19, ó ti kó bíi 2,100 wáàtì. Ẹ̀rọ amúlétutù ojú fèrèsé tó kéré jù lọ ń kó bíi 1,500. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, bí omi bá gbà.

Omi kànga jíjìn ló dára jù, àmọ́ ibi tí ẹ ń gbé ló máa pinnu. Omi abẹ́ ilẹ̀ sábà máa ń sún mọ́ ìpíndọ́gba ooru ibẹ̀ láàárín ọdún. Níbi tí òtútù gidi ti ń mú fún oṣù mélòó kan, omi kànga lè wà láàárín dígírì 10 sí 14. Níbi tí ooru kì í ti í sinmi lọ́dún, ó lè jẹ́ 25 sí 28, bẹ́ẹ̀ yàrá fúnra rẹ̀ lè wà ní 31. Rédíétọ̀ tó ń kó 2,100 wáàtì nígbà tí omi fi dígírì 15 tutù ju yàrá lọ kò ní kó ju bíi 850 lọ bí ìyàtọ̀ náà bá di 6. Bí ìyàtọ̀ yín kò bá tó 8, ẹ tọ́jú owó yín. Kí ẹ tó wọn bí omi ṣe tutù tó, ẹ jẹ́ kí ó ṣàn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí omi tó ti sùn nínú páìpù máa ń purọ́.

Ẹ tún ro ibi tí omi náà ń lọ. Lítà 6 ní ìṣẹ́jú kan di 2,880 lítà ní wákàtí 8. Bí kò bá sí ọgbà tí ẹ máa fi bomi rin tàbí iṣẹ́ mìíràn tí ẹ máa fi ṣe, ìfiṣòfò ni. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ní òfin lórí dídá omi padà sínú ilẹ̀, omi tó bá sì ti gba inú rédíétọ̀ àlòkù kọjá kì í ṣe omi mímu mọ́ láéláé.

Yìnyín ńkọ́? Kìló 10 tó bá yọ́, tí omi rẹ̀ sì gbóná dé dígírì 18, ti gba ooru tó tó 1,140 wáàtì fún wákàtí kan. Bí ẹ bá ń fà á ní 500 wáàtì, ó tán láàárín wákàtí méjì àti díẹ̀. Bí firísà tó dì í bá sì wà nínú ilé kan náà, ooru tó ń tú sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ju èyí tí yìnyín náà máa gbà lọ. Ẹ kàn ń gbé ooru láti yàrá kan lọ sí èkejì ni. Ẹni kan tó fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kó tó sùn ni yìnyín yẹ fún, kì í ṣe gbogbo pálọ̀.

Àgbá omi lítà 200 tó bá ti ìta tutù mọ́jú ò kéré o: bó bá fi dígírì 5 gbóná, ooru tó gbà tó ti kìló yìnyín mẹ́wàá yẹn. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì tàbí ìdérí bò ó, kí ẹ̀fọn má baà sọ ọ́ di ilé.

Rédíétọ̀ mẹ́rin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Irú | Ibi tó dáa sí | Ibi tó kù sí | Ẹni tó yẹ fún |
|---|---|---|---|
| Ti iwájú ọkọ̀ | Ó fẹ̀, omi ń gba inú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ | Ẹnu páìpù rẹ̀ tóbi, kò ní àwo tó ń gba omi ìrì | Yàrá kan |
| Híítà inú ọkọ̀ | Ó kéré, róbà lásán bá ẹnu rẹ̀ mu | Kò lè kó ooru púpọ̀ | Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tábìlì iṣẹ́ |
| Kọ́ìlì inú ilé ti ẹ̀rọ amúlétutù | Fáànù, àwo ìrì àti asẹ́ ti wà lára rẹ̀ | Páìpù rẹ̀ tín-ín-rín, ó nílò pọ́ńpù alágbára | Ẹni tó rí i ní odindi |
| Ti ara ògiri, tó ń mú ilé gbóná | Kì í pariwo | Ó lọ́ra, ìrì ń sẹ̀ sí i lára | Kò yẹ ẹnikẹ́ni |

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn máa ń tan àwọn èèyàn jẹ, torí ó ti wà lára ògiri tẹ́lẹ̀. Iye wáàtì tí wọ́n kọ sí i dá lórí pé omi inú rẹ̀ fi dígírì 50 gbóná ju yàrá lọ. Bí omi bá fi dígírì 10 péré tutù ju yàrá lọ, èyí tí wọ́n kọ 1,000 sí kò ní ju bíi 120 lọ. Kò ní fáànù, ìrì á sì máa kán sí ilẹ̀ yín.

Rédíétọ̀ iwájú ọkọ̀ la máa sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn pé kí wọ́n rà. Ẹ yan èyí tó fẹ̀ ju èyí tó nípọn lọ, torí fáànù ilé kò lágbára láti ti afẹ́fẹ́ gba inú irin tó nípọn. Ẹnu páìpù rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mílímítà 30 sí 40, nígbà tí róbà omi jẹ́ bíi 19, nítorí náà ẹ ra ohun tó ń so ńlá mọ́ kékeré pọ̀ pẹ̀lú kílíìpù onírin. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ olótòmátíìkì, ẹ máa rí ihò kékeré méjì sí i níbi tí òróró jíà ń gbà; iyẹn kò kàn yín, àfi bí òróró bá ń léfòó nínú omi. Bó bá ń léfòó, ó ti ń jò nínú nìyẹn, ẹ dá a padà.

Bí ẹ bá rí kọ́ìlì inú ilé ní odindi, tí apá ìta rẹ̀ ló kú, ẹ gbé e ṣáájú gbogbo èyí tó kù. Oníṣẹ́ ni kó fa gáàsì inú rẹ̀, ẹ má ṣe gé páìpù kí gáàsì tú sáfẹ́fẹ́. Ẹ wá pọ́ńpù tó lè gbé omi ga ju mítà 5 lọ.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ da omi kún un: bó bá ń kán tóótóó lẹ́nu ìsàlẹ̀ dípò kó tú jáde, ó ti dí. Ẹ fi ìka fọwọ́ kan àwọn abẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín páìpù. Èyí tó bá tẹ̀ ṣeé tò padà. Èyí tó bá ń fọ́ bí eérú ti kúrò lára páìpù, kò lè kó ooru mọ́. Ẹ wo etí ibi tí ike àti alumíníọ́mù ti pàdé, ibẹ̀ ló sábà máa ń là. Lẹ́yìn náà ẹ dí ẹnu kan, ẹ fi pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ ẹ dé 15 psi (òṣùwọ̀n agbára tí afẹ́fẹ́ tàbí omi fi ń ti nǹkan) lábẹ́ omi, kí ẹ máa wo ìfóòfó.

Kúláǹtì inú rẹ̀, ìyẹn omi tí wọ́n fi ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, dùn lẹ́nu, ó sì ń pa ọmọdé àti ajá. Ẹ gbà á sínú ike, ẹ má ṣe dà á sí gọ́tà. Ẹ fi omi ṣan rédíétọ̀ náà títí omi fi mọ́. Fínígà lè yọ èérí líle tí omi ń fi sílẹ̀ nínú páìpù, àmọ́ ẹ má fi í sílẹ̀ nínú alumíníọ́mù mọ́jú.

Ohun tó kù àti bí a ṣe ń tò ó

Pọ́ńpù inú omi tí wọ́n kọ 1,000 sí 1,500 lítà ní wákàtí kan sí tó. Iye yẹn jẹ́ tìgbà tí kò gbé omi ga rárá, torí náà ẹ ki róbà ìpadàbọ̀ bọ abẹ́ omi inú àgbá, kí omi tó ń bọ̀ lè máa fa èyí tó ń lọ. Fáànù ilé bíi 50 wáàtì sàn ju ti ọkọ̀ lọ, torí ti ọkọ̀ ń jẹ iná gan-an, ó sì ń pariwo.

Ẹ fi fáànù jìnnà sí rédíétọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, kí ẹ sì fi páálí tàbí fóòmù dí gbogbo ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ kò bá dí i, afẹ́fẹ́ á yà gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, kò ní gba inú irin. Ohun tó ń sọ ẹ̀rọ dáadáa di aláìwúlò jù lọ nìyí. Omi wọlé nísàlẹ̀, ó jáde lókè, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè tú jáde. Ẹ má ṣe so rédíétọ̀ mọ́ omi ẹ̀rọ tààrà: ìdérí rẹ̀ kò kọjá bíi 13 sí 16 psi, ti páìpù inú ilé sì lè ju 40 lọ.

Bí yàrá bá wà ní dígírì 30 tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ohunkóhun tó bá tutù ju bíi 21 lọ ni ìrì máa sẹ̀ sí. Ìyẹn dáa, torí ó ń gbẹ afẹ́fẹ́, àmọ́ ó fẹ́ àwo tó dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú róbà tó ń gbé omi jáde. Ẹ fi fóòmù bo gbogbo róbà tútù. Bí omi bá ju 21 lọ, afẹ́fẹ́ á tutù díẹ̀, ara á ṣì máa rin.

Bàbà àti alumíníọ́mù nínú omi kan náà máa ń jẹ ara wọn. Irin irú kan ni kí ẹ lò, tàbí kí ẹ fi kúláǹtì tuntun sínú omi tó ń yí po. Iná pọ́ńpù àti fáànù gbọ́dọ̀ gba inú súìṣì tó ń já ní 30 mílíáńpù bí iná bá jò sínú omi. Bí àsìkò ooru bá parí, ẹ tú omi dànù pátápátá, kí ẹ fẹ́ inú rédíétọ̀ gbẹ, torí omi tó bá di yìnyín nínú rẹ̀ máa la páìpù.