Gàárì, ìjánu àti akoto: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ra ohun èlò ẹṣin

Ọjà tí wọ́n ń tà fún ẹlẹ́ṣin pọ̀ débi pé àpò lè gbẹ kí a tó ra ohun tó ṣe kókó. Lójú tèmi, ibi méjì ló yẹ kí owó kọ́kọ́ lọ: ohun tó ń kan ẹ̀yìn ẹṣin, àti ohun tó ń dáàbò bo orí ẹni tó gùn ún. Ìyókù lè máa wá díẹ̀díẹ̀.

Gàárì aláwọ àbí ti náílọ́ọ̀nù?

Awọ máa ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń tọ́jú rẹ̀. Ó ń fẹ́ ọṣẹ, ó ń fẹ́ òróró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì yẹ ká sá a sóòrùn nígbà tó bá rin, torí yóò gan, yóò sì sán. Bí òwú rẹ̀ bá já, oníṣẹ́ awọ lè tún un rán. Ti náílọ́ọ̀nù fúyẹ́, òjò kì í bà á jẹ́ bọ̀rọ̀, aṣọ tútù kan sì ti tó láti nù ún. Àmọ́ bí ojú rẹ̀ bá ya, àtúnṣe rẹ̀ kì í dùn ún wò. Fún ọmọdé tí yóò máa gbé gàárì fúnra rẹ̀, tàbí ẹni tó ń gun ẹṣin nínú òjò, ti náílọ́ọ̀nù ni mo máa mú.

Gàárì àwọn darandaran Amẹ́ríkà, èyí tó ní ìwo níwájú, lè wọn kìlógíráàmù 13 sí 18; ti Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà ju 5 sí 9 lọ. Ti Amẹ́ríkà ń tan ìwúwo ká ẹ̀yìn, ó sì dára fún ìrìn ọ̀pọ̀ wákàtí. Ti Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ ẹni tó fẹ́ máa fo ìdènà, tó sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun sún mọ́ ìhà ẹṣin.

Síbẹ̀, gàárì tí kò bá ẹ̀yìn ẹṣin mu, ìyà ni, iye yòówù ká rà á. Ẹ gbé e lé ẹ̀yìn ẹṣin láìtẹ́ aṣọ kankan, síwájú díẹ̀, kí ẹ wá fà á sẹ́yìn títí yóò fi jókòó fúnra rẹ̀. Láàárín rẹ̀ àti egungun tó yọ gegele níbi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn, ìka méjì sí mẹ́ta gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹ dúró lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́yìn ẹṣin, kó má baà ta yín nípàá, kí ẹ wo abẹ́ gàárì: ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ là á já, torí kò gbọdọ̀ kan ọ̀pá ẹ̀yìn rárá. Ẹ fọwọ́ tọ egungun ìhà tó kẹ́yìn lọ sókè. Gàárì kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Nígbà tí ẹ bá gùn ún tó sì làágùn, ẹ wo àmì òógùn. Bí gbogbo ẹ̀yìn bá tutù, tí ojú kan gbẹ láàárín rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni gàárì ń tẹ̀ jù. Irun funfun tó hù lójú kan lábẹ́ gàárì lára ẹṣin dúdú tàbí pupa, ìpalára àtijọ́ ló sábà máa ń fi hàn.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn àlòkù tó dára ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Igi inú rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò: ẹ di apá iwájú mú lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ gbìyànjú láti fún un pọ̀. Bí ó bá mira tàbí tó dún kẹ́kẹ́, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Irin ẹnu

Irin ìjánu tó ń wọ ẹnu ẹṣin, èyí tó ní òrùka méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, ń gbé agbára ọwọ́ lọ bó ṣe wà: bí ẹ bá fà á díẹ̀, ẹnu á gbọ́ díẹ̀. Èyí tó ní apá gígùn àti ṣéènì lábẹ́ àgbọ̀n ń sọ agbára náà di ìlọ́po, ó sì léwu lọ́wọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì balẹ̀. Ìjánu tí kò nírin rárá, imú ló ń tẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé òun ló rọ ẹṣin lọ́rùn jù, ṣùgbọ́n bí ó bá wálẹ̀ jù, egungun imú níbẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì lè dí èémí, ẹṣin kì í sì í fi ẹnu mí. Olórùka ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Akoto, bàtà, líkáfà

Akoto nìkan ni n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ra ní àlòkù. Fóòmù inú rẹ̀ lè ti rún nígbà tí ojú ìta ṣì ń dán. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìṣubú tó le, tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì ní kí a pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn bí ọdún 5. Ẹ wá àmì ìdánwò ààbò fún akoto ẹlẹ́ṣin lára rẹ̀: ASTM F1163, PAS 015 tàbí VG1. Akoto kẹ̀kẹ́ kò lè rọ́pò rẹ̀. Bí olówó gọbọi àti èyí tó wọ́n níwọ̀n bá ní àmì kan náà, èyí tó bá orí mu ni kí ẹ mú: bí ẹ bá mi orí, awọ iwájú orí gbọ́dọ̀ bá a mì.

Bàtà kò gbọdọ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ. Gìgísẹ̀ tó ga bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 ni kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ̀ wọ inú líkáfà, irin tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, kọjá. Líkáfà tó ní rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sàn fún ọmọdé ju ti irin yípo lọ, torí rọ́bà náà á já kúrò bí ọmọ bá ṣubú. Apá ìta ni kó kọjú sí.

Ní ibùso

Okùn orí onínáílọ́ọ̀nù kò wọ́n, kì í sì í já. Àìjá yẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀, torí ẹṣin tó bá fi í há mọ́ ọgbà lè ṣẹ́ lọ́rùn. Aláwọ sábà máa ń já kó tó dà bẹ́ẹ̀. Òun ni kí ẹ rà bí ẹṣin yóò bá wọ̀ ọ́ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Irin tí a fi ń wa pátákò, èyí tó ní búrọ́ọ̀ṣì lórí ló dára jù. Kọ́ọ̀mù rọ́bà wà fún ara ẹṣin. Ti irin, ìdọ̀tí ara búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ máa fi gbọn kúrò.

Kí ẹ tó ra àfikún oúnjẹ inú ike, ẹ ra òṣùwọ̀n tí a ń fi kọ́ koríko. Ẹṣin tó wọn kìlógíráàmù 500 nílò bíi kìlógíráàmù 7.5 sí 10 koríko gbígbẹ lójúmọ́. Àwọ̀n koríko ń dín ìfiṣòfò kù ju kí a dà á sílẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹṣin tó wọ bàtà irin lè fi ẹsẹ̀ há a. Ẹ so ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí pátákò kò ní kàn án nígbà tó bá ṣófo, tó sì wálẹ̀.