Oṣù Mẹ́jọ Pẹ̀lú Tiransifọ́mà Isolation Nídìí Ẹ̀rọ Orin Mi

Ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni àwo àpàlà tí bàbá mi fi sílẹ̀, páálí méjì gbáko. Mo tún giramafóònù wọn ṣe, mo ra amplifier tòkunbọ̀ kan ní Aláàbà, mo gbé sípíkà méjì kalẹ̀ sí pálọ̀ wa n'Íbàdàn. Bí mo ṣe gbé abẹ́rẹ́ lé àwo báyìí, kí olórin tó lanu, hùùùù! Ẹ ó rò pé oyin ti kó sínú sípíkà. Ká ní fújì ni, ìlù ì bá bò ó mọ́lẹ̀. Àmọ́ àpàlà a máa sinmi. Agídìgbo á dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó já òwe sílẹ̀, inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni oyin mi ti ń kùn.

Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní iná NEPA ló dọ̀tí, kí n lọ ra tiransifọ́mà isolation, ẹ̀rọ tó ń ya iná ìta sọ́tọ̀ kúrò lára iná tó ń wọ amplifier. Mo lọ rà á. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n gbé àpótí dúdú kan tó wúwo fún mi, wọ́n kọ "ISOLATION" gàdàgbà sí i lára. Mo lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oyin ò kúrò, kò tilẹ̀ dínkù. Nígbà tí bọ̀dá tó máa ń bá wa tún iná ṣe tú u wò, ẹ̀rín ló bú sí. "Ẹ̀gbọ́n, inú stabilizer ni wọ́n ti yọ èyí o."

Wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n wé mọ́ irin rẹ̀. Ara wáyà kan náà ni wọ́n ti fa ẹnu tó ń gba iná àti ẹnu tó ń fún amplifier níná, ìdọ̀tí tó bá ti ìta wọlé ń bá a kọjá ni. Ojúlówó isolation, wáyà méjì ni, wọn kì í fara kanra. Iná tó wọ wáyà àkọ́kọ́ á sọ irin àárín di òòfà, òòfà tó ń yí síwá-sẹ́yìn nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òun ló máa jí iná mìíràn dìde nínú wáyà kejì. Ohun tó dùn mí ni pé ìdánwò rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ojú ọlọ́jà ni mi ò bá ti ṣe é. Ẹ má so ó mọ́ iná rárá. Ẹ yí mítà sí ibi tó máa ń ké tí iná bá rí ọ̀nà kọjá, ẹ ti ẹnu rẹ̀ kan mọ́ irin plọ́ọ̀gì tó ń gba iná wọlé, ẹ ti ẹnu kejì bọ ihò tó ń gbé iná jáde. Tí mítà bá ké "píìì", ẹ rọra bá ọ̀nà yín lọ. Wáyà earth, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, nìkan ló lè gba inú rẹ̀ kọjá tààrà láìjẹ́ èrú.

Èyí tí mo ń lò báyìí, ara ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ni wọ́n ti tú u, tòkunbọ̀ ni. Ó rí roboto bí òṣùká, ó tó kílò 12, VA 1000 ni (ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbé), ₦160,000 ni mo san. Ó ní bébà bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan láàárín wáyà méjèèjì, wọ́n so ó mọ́ earth. Ẹ béèrè èyí dáadáa, torí nínú àwọn roboto tí kò ní in, wáyà méjèèjì sún mọ́ra débi pé ariwo wẹ́wẹ́ á fò láti ara ọ̀kan sí èkejì.

Watt 350 ni wọ́n kọ sẹ́yìn amplifier mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní VA 500 ti tó. Rárá o. Amplifier kì í rọra fa iná mu bíi ti gílóòbù, gbígbì ló ń gbé e mì, gbì, gbì, gbì. Tiransifọ́mà kékeré á fún un lọ́rùn, ìlù á wá máa dún bí ìgbà téèyàn ń lu páálí.

Kí ló ṣe fún mi? Alhaja ìsàlẹ̀ ní pumping machine. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tàn án, sípíkà mi á ní "tọ́!" Ìyẹn ti dópin. Inverter wa náà ní ariwo tín-ín-rín kan, fííí, tó máa ń bá orin rìn lálẹ́. Òun náà ti lọ.

Àmọ́ oyin ṣì wà níbẹ̀.

Lálẹ́ Sátidé kan tí gbogbo ilé ti sùn, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, mo ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo yọ ẹ̀rọ CD, hùùù. Mo yọ plọ́ọ̀gì dikódà tẹlifíṣọ̀n tí mo so mọ́ amplifier kúrò lára ògiri, hùùù síbẹ̀. Mo wá yí ẹnu wáyà dish kúrò lẹ́yìn dikódà yẹn. Kẹ́kẹ́ pa. Mo dá a padà, ó bẹ̀rẹ̀. Mo yọ ọ́, ó dákẹ́. Dish ti kan ilẹ̀ tiẹ̀ láti orí òrùlé, amplifier ti kan ilẹ̀ tiẹ̀ láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná kékeré kan sì ń rìn láàárín ilẹ̀ méjèèjì, wáyà orin mi ló fi ṣe ọ̀nà. Tiransifọ́mà olówó gọbọi yìí ò lè dí ọ̀nà yẹn, torí earth ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ohun tó wò ó sàn ni isolation ti wáyà orin, tó wà láàárín dikódà àti amplifier. Kò ju páálí ìṣáná lọ, owó rẹ̀ ò tó ti adìẹ kan.

Àwọn kan máa ń gé ẹsẹ̀ earth plọ́ọ̀gì kí kíkùn lè dá. Ó máa ń dá lóòótọ́. Àmọ́ ọjọ́ tí wáyà bá já nínú amplifier tó lọ kan irin ara rẹ̀, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ni yóò di earth. Ọmọ ọdún mẹ́rin wà nílé mi.

Ẹ má sì rò pé tiransifọ́mà isolation ń ṣiṣẹ́ stabilizer. Tí volt 170 bá wọlé, 170 náà ló ń jáde, ó tilẹ̀ lè dín díẹ̀. Stabilizer wà níwájú tèmi.

Tiransifọ́mà yìí fúnra rẹ̀ náà máa ń pariwo. Onídìrí kan wà ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ wa. Tó bá ti yí dáráyà tó fi ń gbẹ irun sí iná kékeré, tiransifọ́mà mi á bẹ̀rẹ̀ gììì nínú àpótí, torí ìdajì ìgbì iná ni irú dáráyà bẹ́ẹ̀ ń mú, ó ń fi ìdajì sílẹ̀, àwọn roboto yìí ò sì fẹ́ràn ẹ̀ rárá. Mo ti fi fóòmù tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Bákan náà, tí NEPA bá mú iná dé lójijì, ó máa ń já bíréékà sílẹ̀, àfìgbà tí bọ̀dá wá fi èròjà kékeré dúdú kan sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tó ń jẹ́ kó rọra gbéra.

Bí mo bá tún máa bẹ̀rẹ̀, màá kọ́kọ́ ra páálí ìṣáná yẹn, lẹ́yìn ìyẹn ni màá wá ra òṣùká. Èyí tí wọ́n fi rẹ́ mi jẹ ṣì wà nílé. Ìyàwó mi ti sọ ọ́ di ohun tí a fi ń di ilẹ̀kùn pálọ̀ mú nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, kò sì tíì yẹ̀ lójú kan.