Ilé ìtajà oògùn kan ní Sábó, Ìkòròdù, fún ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún

Ilé ìtajà oògùn kékeré kan wà ní Sábó, ní Ìkòròdù, tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní ẹbí tí wọ́n ti pààrọ̀ kíndìnrín fún mọ̀. Ọjà inú rẹ̀ kò pọ̀ tó ti àwọn ilé oògùn ńláńlá, owó rẹ̀ kò sì dín sí tiwọn, ṣùgbọ́n apòògùn tó ni ibẹ̀ kì í ta oògùn lápálápá fún ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ béèrè àwọn oògùn mìíràn tí onítọ̀hún ń lò. Nítorí ìbéèrè yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí.

Àbúrò mi ọkùnrin ni wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún. Ó ń lo tacrolimus, mycophenolate àti prednisolone, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dín agbára ìjà ara kù kí ara má baà kọ kíndìnrín tuntun náà. Ara tí a ti gba ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí kì í rójú lé àrùn awọ lọ, pàápàá ní ìlú etí ọ̀sà bíi tiwa, níbi tí ooru àti ìlàágùn kì í jẹ́ kí abẹ́ aṣọ gbẹ. Lápálápá yọ sí i ní itan, kò tilẹ̀ rí roboto bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Àmì funfun wẹ́wẹ́ sì kún àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ilé ìtajà mìíràn tí a kọ́kọ́ yà sí kò béèrè nǹkan kan tí wọ́n fi ta ìpara kan tí wọ́n po oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú rẹ̀ fún wa. Steroid tó lágbára, ìyẹn oògùn tó ń mú wíwú àti yíyún rọlẹ̀, sábà máa ń wà nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀. Òun ló ń mú kí yíyún náà rọlẹ̀ kíákíá, tí ènìyàn á rò pé ara ti ń yá, nígbà tó jẹ́ pé ńṣe ni àrùn náà ń tàn kálẹ̀, tí ojú rẹ̀ á sì yí padà débi pé dókítà pàápàá lè má tètè dá a mọ̀.

Ketoconazole oníhóró, oògùn lápálápá tí a ń gbé mì, la wá lọ rà ní Sábó, nítorí pé aládùúgbò kan ní òun ló wo òun sàn. Apòògùn náà gba ìwé oògùn àbúrò mi, wọ́n kà á tán, wọ́n ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá, mi ò lè ta èyí fún yín." Wọ́n ṣàlàyé pé ẹ̀dọ̀ àti ìfun ló ń fọ́ tacrolimus sí wẹ́wẹ́ kí ó tó jáde lára, pé ketoconazole, fluconazole, itraconazole àti voriconazole sì máa ń dí iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́. Tacrolimus á wá máa kó jọ nínú ẹ̀jẹ̀ títí yóò fi ṣe ìpalára fún kíndìnrín tí a torí rẹ̀ ń lò ó gan-an. Bákan náà ló rí fún ciclosporin, oògùn mìíràn tó ń dín agbára ìjà ara kù, tí wọ́n kọ́kọ́ rí lára ohun kan tó jẹ́ ẹbí olu nínú erùpẹ̀ ilẹ̀ Norway. Ẹbí olu náà ni ohun tó ń fa lápálápá, ó sì yà mí lẹ́nu púpọ̀ pé inú ìdílé àwọn ohun tó ń hu sí wa lára ni ààbò kíndìnrín ti wá. Dókítà lè fúnni ní irú oògùn oníhóró wọ̀nyí, ṣùgbọ́n òun ni yóò dín tacrolimus kù, tí yóò sì máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ìpara clotrimazole tí kò ní steroid ni wọ́n tà fún wa fún itan, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kí ìpara náà kọjá etí ojú lápálápá náà díẹ̀, kí a má sì dá a dúró nígbà tí awọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Fún àyà àti ẹ̀yìn, ṣámpù ketoconazole ni, nítorí pé èyí tí a fi ń fọ awọ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan tí a mú lọ fún dókítà kíndìnrín. Lápálápá náà lọ. Àmì funfun náà pẹ́ kí ó tó pa rẹ́, bí wọ́n ṣe sọ tẹ́lẹ̀ fún wa.

Mo ní ẹ̀sùn kan. Kò sí ibi kọ́lọ́fín tí ènìyàn ti lè ṣí aṣọ, orí káńtà ni a ti ń sọ̀rọ̀ itan lójú àwọn oníbàárà mìíràn, èyí kò sì yẹ ẹni tó ń ṣàìsàn. Ó tún yẹ kí ẹ mọ̀ pé wọn kì í fọwọ́ kan kókó tó le tàbí egbò tí kò jiná lára ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ń darí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí lójú ẹsẹ̀, nítorí pé àrùn tó ti wọnú ẹ̀jẹ̀ lè gba ojú awọ yọ. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú ìwé oògùn yín dání, nítorí pé wọn ò ní ta oníhóró kankan fún yín láìrí i.